Ẹ gba iṣẹ́ adifáísà lọ́wọ́ èmi oníkaféè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Obìnrin oníkaféè ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí géètì yunifásítì kan ní Èkìtì níbí. Mi ò ní sọ èwo ni, torí mo ṣì fẹ́ máa jẹun níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni mo ní, méjì ti kú nínú wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń pariwo ju ìkókó lọ. Láti ọdún 2013 ni mo ti ń bá àwọn ọmọ forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí póótà, ìyẹn ojú òpó iléèwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyá Póótà ni wọ́n ń pè mí. Mo kọ ìwé yìí láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan, kí n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba iṣẹ́ adifáísà, ìyẹn olùkọ́ tó yẹ kó máa tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì, lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ. Ọmọ tuntun á dé, ìwé ìgbàwọlé JAMB rẹ̀ nínú fáìlì onírọ́bà, òógùn lójú. Á ní, "Ẹ káàsán mà, wọ́n ní ẹ̀ ń bá wọn ṣe kọ́ọ̀sì." Mo á bi í pé dípátímẹ́ǹtì wo, á sọ. Mo á ní àwọn kọ́ọ̀sì wo lo fẹ́ mú? Á máa wò mí. "Ẹ bá mi mú èyí tí àwọn yòókù mú, mà." Èmi náà á ṣí ti ẹni tó wá ṣáájú rẹ̀, mo á máa wò ó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó parí. Náírà ẹgbẹ̀rún kan. Ọmọ á kó ìwé lọ fún ọ̀gá kíláàsì wọn, ìyẹn á di ti gbogbo wọn ní ìdì bí ẹni di ewé iyán, ó di ọ́fíìsì adifáísà. Adifáísà á buwọ́ lù wọ́n tán láì rí ojú ẹnì kan ṣoṣo. Mo mọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti wà ní ọdún kẹta tí wọn kò lè júwe adifáísà wọn, bóyá ọkùnrin ni, bóyá obìnrin ni. Èmi tí mo gba OND iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n mọ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá, kì í ṣe ọmọdé. Tíṣà ni. Ó ti gba NCE, ó ti kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan lọ́nà Ẹ̀fọ̀n kó tó rówó padà síléèwé. Dáírẹ́ẹ̀tì Ẹ́ńtírì ni wọ́n fi gbà á, ìyẹn ni pé ọdún kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe tirẹ̀ bí mo ṣe ṣe ti àwọn ọmọ ọdún kejì tó kù. Ohun tí èmi kò mọ̀, tí òun náà kò mọ̀, ni pé àwọn kọ́ọ̀sì gbogboogbò tí wọ́n ń pè ní GST, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ní ọdún kìíní, òun náà gbọ́dọ̀ padà lọ ṣe wọ́n. Àṣírí kò tú títí ó fi di ọdún àṣekágbá, nígbà tí wọ́n ń yẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ jáde wò. Kọ́ọ̀sì méjì ló kù, oníyúnítì méjì-méjì (yúnítì ni ìwọ̀n tí wọ́n fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan). Torí wọn ló ṣe lo odidi ọdún kan sí i.

Bó bá jáde lásìkò, ẹni ọgbọ̀n ọdún ni ì bá jẹ́. Nígbà tó jáde, ó ti di ẹni ọdún 31. Ẹ sì mọ òfin NYSC: ẹni tó bá ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ lọ́jọ́ tó jáde kò lè ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n máa fún un. Ọkùnrin yìí ti máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi pé Jos ni òun fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ, torí wọ́n ní òtútù ibẹ̀ dà bíi ti ìlú òyìnbó. Ọ̀dọ̀ mi náà ló ti wá ṣe fọ́tòkópì ìwé ìdásílẹ̀ yẹn. Mi ò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bínú sí mi, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Ẹnì kan lè béèrè pé oríẹ́ntéṣọ̀n ńkọ́? Mo lọ sí ọ̀kan. Ọmọ àbúrò mi ló wọlé sí yunifásítì mìíràn, ìyá rẹ̀ wà l'Ékòó, èmi ni mo sìn ín lọ. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sínú ìwé, aago mọ́kànlá ti kọjá kí àwọn ọ̀gá tó gun pèpéle. Àdúrà. Orin orílẹ̀-èdè. Orin iléèwé. Kíkí àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn. Ẹni tó ń mójú tó láíbìrì sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ọ̀gá sìkíọ́rítì sọ̀rọ̀ lórí ẹgbẹ́ òkùnkùn àti Yahoo, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣírò GP, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ọmọ, tàbí kọ́ọ̀sì tí ọmọ kò gbọdọ̀ fò. Ohun tó jẹ́ kí n pòṣé ni pé póótà ti ṣí láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí wọ́n tì í. Ẹni tó ti gbin iṣu tán ni wọ́n wá ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ebè.

Nígbà tí mo ṣe ìyàwó dé agbo ilé ọkọ mi ní Ìjerò, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fà mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì gan-an. Ó fi kànga hàn mí, ó sọ àwọn tí mi ò gbọdọ̀ pè lórúkọ, ó tún rọra dárúkọ ẹni tí mi ò gbọdọ̀ yá lówó. (Mo yá onítọ̀hún lówó. Kò tíì san án.) Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìyálé mi kò kó gbogbo ìyàwó ilé jọ sábẹ́ ìbòòji kó máa fi gbohùngbohùn bá wọn wí. Èmi nìkan ló bá sọ̀rọ̀.

Ti GP yẹn, ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan wá tẹ èsì àṣekágbá rẹ̀, 3.47. Two-one, ìyẹn ipò kejì tó ga nínú dìgírì, bẹ̀rẹ̀ láti 3.50. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, kò lè dìde. Mo fa ìwé kan yọ, a jọ ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà A ni 5, B ni 4, C ni 3, D ni 2, E ni 1, wọ́n á wá fi yúnítì kọ́ọ̀sì sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì fi iye yúnítì pín in. Yúnítì tó ṣe láti ọdún kìíní jẹ́ 150, máàkì tó kó jọ lórí wọn jẹ́ 521. Mo wá rí GST oníyúnítì méjì kan tó gba E nínú rẹ̀ ní ọdún kìíní. Ó ní àwọn gbà pé GST kì í ṣe kọ́ọ̀sì gidi, àwọn kì í lọ síbẹ̀. Ká ní ó gba B níbẹ̀, mẹ́fà ni ì bá lé lórí 521 yẹn, á di 527, ìyẹn 3.51. Ó wo ìwé náà títí. Ó ní, "Mà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà yẹn?"

Èmi! Oníkaféè!

Mi ò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi tán o. Ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣe fọ́tòkópì lọ́dọ̀ mi ní ọmọ 180 ló wà lọ́rùn òun, àti pé wọn kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó oṣù òun nítorí rẹ̀. Àwa òbí náà, bí wọ́n bá ti gba ọmọ wọlé, a ti pa adìyẹ, ó tán. Ṣùgbọ́n Èkìtì yìí tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ kò ju 16 lọ, ẹ wo iye yunifásítì tó wà níbẹ̀: ti ìpínlẹ̀ wà l'Ádó láti 1982, ABUAD, ti Afẹ́ Bàbálọlá, dé ní 2009, ti ìjọba àpapọ̀ dé Ọyẹ́ ní 2011, ti Ìkẹ́rẹ́ náà di yunifásítì ní 2020. Ilẹ̀ tó ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn bíi tiwa kò yẹ kó fi kọ́ọ̀sì ọmọ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta káàdì fóònù mọ́ ọn.

Kí oríẹ́ntéṣọ̀n ṣáájú póótà. Kí adifáísà má buwọ́ lu ìwé tí ọmọ kò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá, kó sì jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ọmọ tó ní kárí-óófà méjì, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó ti fìdí rẹmi tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, tó tún fẹ́ mú yúnítì 24 tó jẹ́ òpin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bi í pé ṣé orí rẹ pé. Ọmọ tó fẹ́ ṣe Nọ́ọ̀sì tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ ẹranko, ọjọ́ kìíní ló yẹ kó gbọ́ pé èsì ọdún kìíní ni wọ́n máa fi pinnu bóyá ó lè yí padà, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti fi ẹkún ṣòfò sáà méjì. Yíyá owó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀ láti 2024. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé owó iléèwé kì í wọ àpò àwọn, iléèwé ni wọ́n ń san án fún, àti pé gbèsè ni.

Ní tèmi, mo ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: "Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, lọ rí adifáísà rẹ, kó kọ kọ́ọ̀sì rẹ sílẹ̀ fún ẹ, kó o tó wá." Ẹgbẹ̀rún kan náà ni kaféè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gbà. Wọn kò lẹ nǹkan kan. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, àwọn ọmọ ti tò síbẹ̀ dé ìdí igi máńgòrò.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Póótà,
Èkìtì.