Ẹ wo abẹ́ àpò kẹ́ẹ tó sanwó yanrìn

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kano ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ibẹ̀ ni mo ti ń ta aṣọ látọdún 2006, mi ò kọ̀wé sí ìwé ìròyìn rí, ọ̀rọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló fà á.

Ẹni tó bá ń gbé Òkè Ọya á mọ̀ pé ibi tí típà ò bá lè wọ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru yanrìn débẹ̀, wọ́n á da àpò ńlá bò ó lẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì. Lọ́dún tó kọjá tí mò ń fi yàrá méjì kún ilé mi, bí wọ́n ṣe ń kó o wá fún mi nìyẹn, èmi náà sì ń dúnàádúrà pé kí wọ́n bù ú kún dáadáa torí owó ò sí. Lọ́jọ́ kẹta ni ọ̀kan dúró sẹ́nu géètì, ọmọ tó ń dà á nà á nà á, kò mira. Ìgbà tí wọ́n sọ àpò yẹn kalẹ̀ ni mo tó rí i. Egbò tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi lórí eegun ẹ̀yìn, awọ ti bó, eṣinṣin bò ó, wọ́n sì ti da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ lẹ́ńjìnnì sí i pé oògùn ni. Ọmọ yẹn ní "babu komai, Hajiya", pé kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà ò burú o, kò lè ju mẹ́rìnlá lọ, ẹran yẹn ló ń bọ́ ilé wọn, ohun tó bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ náà ló ń ṣe.

Aládùúgbò mi ló bá mi pe dókítà ẹran kan tó máa ń tọ́jú wọn lọ́jọ́ ọjà láìgbowó. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ egbò, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó wá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ yẹn, wọ́n jọ fi koríko gbígbẹ àti aṣọ àlòkù rán nǹkan méjì gbọọrọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún eegun ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá òsì, kí ẹrù má kan eegun rárá. Òṣùká ni mo pè é, torí kò sí ẹni tó máa gbé agbọ̀n iṣu sórí lásán láàárín wa, ẹran la wá ń fi ẹrù lé lẹ́yìn lásán. Ó ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì san owó ìrìn tí kò rìn, torí bí mi ò bá san án wọ́n á tún di ẹrù lé e lọ́jọ́ kejì ni, ebi ò mọ ìmọ̀ràn dókítà.

Òfin wà o. Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò lápá ibí, sọ pé ẹni tó bá di ẹrù àdìjù fún ẹran, tàbí tó ń fi ẹran tó légbò ṣiṣẹ́, lè ṣẹ̀wọ̀n tàbí kó san owó ìtanràn. Mi ò tíì rí ọlọ́pàá tó bèèrè rí. Lóṣù kejì ọdún 2024, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Addis Ababa, wọ́n fòfin de pípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ rẹ̀ tí wọ́n ń sè ní Ṣáínà ṣe oògùn ejiao. Oyún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń tó ọdún kan, ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí, èyí tí wọ́n bá pa kì í tètè ní àrọ́pò. Tálákà tí kò bá rí òmíràn rà, èyí tó légbò náà ló máa lò pa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin Yorùbá tẹ́ ẹ ń kọ́lé níbí, ẹ ní kí wọ́n gbé àpò sókè kẹ́ẹ wo abẹ́ rẹ̀, kí yanrìn dín díẹ̀, kẹ́ ẹ fowó ìrìn kan kún un. Ẹ̀yin Olóòtú náà, ẹ rán oníròyìn kan tẹ̀ lé àwọn dókítà wọ̀nyí lọ́jọ́ ọjà kan ṣoṣo, ẹ gbé fọ́tò òṣùká yẹn jáde kí àwọn èèyàn rí bí wọ́n ṣe ń rán an.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ padà báyìí. Irun funfun ló hù sójú egbò yẹn, mo máa ń fi dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù tó bá ń kọjá.

Ìyá aláṣọ,
Sabon Gari, Kano