Òpó NẸ́PÀ, kó tó pé ọmọ ọdún 16 o

Adó-Èkìtì,
alẹ́ Sọ́ńdè.

Òpó NẸ́PÀ mi,

Ọmọ Èkìtì kete, báwo ni òtútù ibẹ̀? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Àwa wà ńbí, a dúpẹ́, òjò ń rọ̀, iná ò sí láti Wẹ́sìdeè, orí fóònù ni mo ti ń tẹ èyí nínú òkùnkùn, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, torí náà tó o bá débi tí mo ti ṣì í tẹ̀, jọ̀ọ́ fojú fò ó.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, ti àkọ́kọ́ ẹ̀rín ló pa mí torí bó o ṣe ń pariwo lé FIBA, àwọn tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, lórí bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. O ní ọmọ ẹ ti ga jù ẹ́ lọ báyìí (kí Ọlọ́run ṣàánú àwọn tó ń ra bàtà fún un), o ní kóòṣì ẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí Kánádà pè é síbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn ọ̀dọ́, o wá ń bi mí pé tó bá gbá fún wọn, ṣé Nàìjíríà ti lọ nìyẹn, ṣé ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá ẹ lẹ́nìkan máa wá sọ fún pé kì í ṣe ọmọ ilé. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, tíṣà ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì kì í sú mi, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti ka òfin wọn yẹn títí ojú fi ń ta mí.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ò pọ̀. Gba páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún ọmọ yẹn kó tó pé ọmọ ọdún 16. Kó tó pé ni mo wí o, mi ò wí pé lẹ́yìn ẹ̀. Oṣù kọkànlá ni wọ́n bí i, àbí? Àyè ṣì wà, ṣùgbọ́n má jókòó lé e bó o ṣe jókòó lé ilẹ̀ Ìkọ̀lé yẹn títí àwọn ẹlòmíì fi gbin kòkó sí i.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Àwọn 12 ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ń mú lọ síbi ìdíje, FIBA sì ní ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló lè jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìlú yẹn lẹ́yìn tó ti pé 16. Ibi tó ti wá dùn mí ni pé kódà kó jẹ́ pé láti inú ìyá ẹ̀ ló ti lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé yẹn, tí kò bá tíì béèrè fún un kó tó pé 16, ọ̀nà àlejò ni wọ́n máa gbà mú un wọlé. Wo Jordan Clarkson, ará Amẹ́ríkà tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, láti ìdílé Philippines ni ìyá ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹyin ojú, síbẹ̀ torí pé kò ní páàsìpọ́ọ̀tù wọn kó tó pé 16, àyè àlejò yẹn ni FIBA kà á mọ́, tó bá ti wọ̀ ọ́, àlejò míì ò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Spain náà kó sínú ẹ̀ nígbà kan, Serge Ibaka tó wá láti Congo àti Nikola Mirotic tó wá láti Montenegro, ọwọ́ wọn tẹ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè mú lọ nígbàkigbà.

Ìlú ò ní bá ẹ jà lórí ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ ọ́ kedere pé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí, ti Kánádà ò sì ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí ẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe pé o ń sọ ọmọ dà, o kàn ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí i lápò ni.

Ọdún 17 wá ni pàkúté gidi. Tó bá ti pé 17 tó sì gbá ẹyọ ìdíje FIBA kan pàtó fún Kánádà, kódà kó jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ti so ó mọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí wọn ò tíì gbà kó dá wakọ̀ lọ síbi tó jìn! Àfi kí ọ̀gá FIBA fọwọ́ sí i tó bá fẹ́ padà sí ìlú tó ti ṣẹ̀ wá, ìyẹn náà sì níbi tó ń ṣí, ó níbi tó ń tì. Hakeem Olajuwon tiwa, ọmọ Èkó, ó ti gbá fún Nàìjíríà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1993, FIBA gbà fún un, ó sì gba góòlù pẹ̀lú wọn ní Olympics Atlanta 1996. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2021 Nneka Ogwumike, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ní òun fẹ́ gbá fún ìlú àwọn òbí òun, ó ní páàsìpọ́ọ̀tù wa lọ́wọ́, Amẹ́ríkà ò fi orúkọ ẹ̀ sínú àwọn tó ń lọ Olympics Tokyo, FIBA kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, ó ti gbá World Cup 2014 àti 2018 fún wọn. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ eré ìdárayá, ibẹ̀ náà ò gbè wọ́n. Àbúrò ẹ̀ Erica ló bá Nàìjíríà lọ, òun jókòó sílé ń wò ó. Ṣé o rí i, ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ olówó rọ́nà lọ, ẹni tó fẹ́ padà wálé ni wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́. Mi ò sọ pé kí òfin má sí o, tí ò bá sí, àwọn tó lówó máa kàn ra tíìmù odidi bí ẹni ra ẹran lọ́jà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ilé bàbá ẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fowó rà kì í ṣe ọgbọọgba lójú tèmi.

Bóyá torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ni. O rántí àbí o ò rántí? October 1, 1996 tí wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀, gbogbo wa sùn ní Oǹdó a jí ní Èkìtì láì kúrò lórí ẹní. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń ṣa àwọn tó máa gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ìpínlẹ̀ tuntun, èmi àtìẹ lọ, lórí kọnkéré tó ti là yẹn, ríìmù kan ti tẹ̀, èkejì ò ní nẹ́ẹ̀tì, o kó àwọn bọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ sínú ẹ̀, èmi náà ò kẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú àwa méjèèjì. Wọ́n wá ní kí kálukú lọ mú ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ wá. Mo dé ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà, ó ní kí n sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀, Hausa ti wà lẹ́nu mi láti kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn tó wà ní yàrá kejì pé ẹ wá gbọ́ Èkìtì láti Kàdúná. Ní Kàdúná tí wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni wọ́n ń pè mí, wọn ò jẹ́ kí n gbá fún wọn. Ó di ọjọ́ kẹta kí àbúrò bàbá mi tó raye wá láti oko wá jẹ́rìí pé òun mọ bàbá tó bí mi, wọ́n ti pa ìwé dé. Mo jókòó lórí fẹ́ǹsì mo ń wò yín bẹ́ ẹ ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Àtìgbà yẹn lẹ ti ń pè mí lórúkọ tẹ́ ẹ̀ ń pè mí dòní.

Kí ni mo tún ń sọ... ẹn-ẹ́n. Àwọn èèyàn máa sọ fún ẹ pé àwọn tí wọ́n bí sóde kì í ṣe tiwa. Lálẹ́ August 7, 2024, tí D'Tigress, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin wa, ń bá Amẹ́ríkà gbá ní Paris, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ajílósùn ni mo ti wò ó, wọ́n ti na Australia àti Kánádà (má bínú) kí wọ́n tó débẹ̀, kò sí tíìmù Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó débi kọ́tà fáínà básíkẹ́ẹ̀tì Olympics rí. Jẹnẹ ń pariwo, a ń yọ ọrùn. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti fá apá kan orí ẹ̀ tán ní kí ló ń dùn mọ́ wa nínú, ó ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ nínú wọn sí, wọn ò mu gàárì rí. Ìyá tó ń sun àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà yọjú wọlé, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ èyí tó ń sáré yẹn? A ní Balogun. Ó ní, "Balógun. Ìdílé wo ní Amẹ́ríkà ló ń jẹ́ Balógun?" Ó padà sídìí àgbàdo ẹ̀. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé abẹ kúrò lórí ọmọ yẹn. Wọ́n nà wá 88 sí 74, kò dùn mí tó bó ṣe yẹ.

Giannis tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Gíríìsì ló ń dùn mí jù nínú gbogbo wọn, mi ò tíì lè gbójú kúrò lára orúkọ ẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni bàbá ẹ̀ ń jẹ́. Àwọn Gíríìkì ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń dún bí d tàbí b, wọ́n kó lẹ́tà méjì méjì jọ kí wọ́n tó rí i kọ, nígbà tí wọ́n wá kọ ọ́ padà sí tòyìnbó ó di Antetokounmpo. Adé ti òkun bọ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi tí wọ́n ń retí pé kó padà wá. Athens ni wọ́n bí i sí, kò ní ìwé ìlú kankan títí tó fi pé 18, May 2013 ni Gíríìsì tó fún un, nígbà tó kù díẹ̀ kí NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, mú un. Ìlú tó fún un níwèé ló gbá fún, mi ò lè bá a wí. Ó gba páàsìpọ́ọ̀tù tiwa náà ní 2015, ilẹ̀ ti ṣú nígbà yẹn.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé oyin ló wà ńbí o. May 2022 ìjọba wa kàn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn yọ Nàìjíríà kúrò nínú básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé fún ọdún méjì torí ìjà àwọn tó ń du àga, nígbà tí wọ́n fi máa yí ọ̀rọ̀ padà FIBA ti fún Mali láyè àwọn obìnrin wa ní World Cup. Annette Echikunwoke tó ń ju òòlù, Nàìjíríà ló fẹ́ jù ú fún ní Tokyo, àwọn tó yẹ kó rí i pé wọ́n ṣàyẹ̀wò oògùn fún wọn ò ṣe é, wọ́n dá òun àti àwọn mẹ́sàn-án míì dúró, ó wá padà sí Amẹ́ríkà tí wọ́n bí i sí, ó gba fàdákà fún wọn ní Paris. Torí náà tí ọmọ ẹ bá dàgbà tó ní Kánádà lòun fẹ́, má pariwo lé e lórí. Kó ṣáà jẹ́ òun ló yàn án, kó má jẹ́ pé ìwọ ló gbàgbé láti gba ìwé.

Ohun tá a máa ṣe nìyí. Ìwọ pe ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà tó wà ní Ottawa, bi wọ́n ohun tí wọ́n ń gbà fún ọmọ tí kò tíì pé 18, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé òun mọ èèyàn níbẹ̀. Kóòṣì yẹn náà, sọ fún un pé kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan láìjẹ́ pé o kà á. Èmi máa lọ sí lókà gọ́mẹ́ǹtì ní Mọ́ńdè lọ gba ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ tìẹ, bóyá wọ́n á béèrè bóyá wọn ò ní béèrè, kó ṣáà wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí pé ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń jẹ́rìí ọmọ Ìkọ̀lé, mo mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn.

Fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí etí ẹ̀ méjèèjì hàn. Àti àwọn bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́, má dà wọ́n nù, mo ní ọmọ mẹ́ta ní iléèwé tí wọ́n ń fi sálúbàtà gbá bọ́ọ̀lù.

Èmi ni,
Kàdúná.