Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tó Sọnù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo jí bá táyà mọ́tò mi nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó máa ń bá mi lẹ̀ ẹ́ kò tíì dé, ni mo bá fẹsẹ̀ rìn, mo gba ẹ̀yìn ọjà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe kòńgẹ́ ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, lórí àpótí níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mí."

"Háà, Pásítọ̀! Mo ti rò pé ẹ ti gbàgbé mi ni."

Orúnkún ni kò jẹ́ kí wọ́n wá jọ́sìn láti oṣù mẹ́ta. Ojoojúmọ́ sì ni mò ń wa mọ́tò kọjá ní òpópónà kejì. Ojú tì mí, mo jókòó, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà.

Sámúẹ́lì Kìíní orí 9 ló ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń lọ. Sọ́ọ̀lù ò wá ìjọba lọ, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá rẹ̀ tó sọnù ló ń wá kiri. Ó di ọjọ́ kẹta, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Súfù, Sọ́ọ̀lù ní ó tó, ká máa lọ sílé kí bàbá òun má baà gbàgbé ẹran kó máa dààmú lórí àwọn. Ìránṣẹ́ tó bá a lọ, tí Bíbélì ò tiẹ̀ dárúkọ, ló ní èèyàn Ọlọ́run kan wà nílùú yìí. Òun náà ló ní ìdámẹ́rin ṣékélì fàdákà tí wọ́n máa mú dání lọ kí i. Ọmọ ọ̀dọ̀ lówó lọ́wọ́, ọmọ ọ̀gá ò ní nǹkan kan! (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.) Àṣé ọjọ́ tó ṣáájú ni Olúwa ti sọ fún Sámúẹ́lì, èèyàn Ọlọ́run ọ̀hún, pé ẹni tó máa jọba ń bọ̀. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀hún? Wọ́n ti rí wọn.

Ẹ tún wo Àjàyí Crowther. Nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n fi í gba ẹṣin. Ẹṣin náà ò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dá a padà, wọ́n gba Àjàyí padà. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí tí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá dúró lóṣù kẹrin 1822. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ìkónilẹ́rú ò torí ìyẹn di ohun rere o. Ìyá rẹ̀ tí kò fojú kan ọmọ rẹ̀ fún ọdún tó lé ní ogún ò ní gbà fún yín.

Ẹ má sì wáá sọ gbogbo táyà tó jò di ìran. Ìṣó ló gún tèmi.

Mo ti lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọjà ni mo ṣì ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi dé ọ̀dọ̀ Mọ́mí ní Ọjọ́bọ, ká pàdé lẹ́nu géètì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn.