Àdùkẹ́, fún wọn níṣẹ́ ṣe

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mọ́mì ẹ ní kí n kí ẹ, àwọn àbúrò ẹ náà ń kí ẹ. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé wọ́n yàn ẹ́ ní presídẹ́ǹtì ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀ṣun ní skúù yín ní Ìlọrin ni inú mi ti ń dùn, gbogbo àwọn tí a jọ wà ní sáìtì ni mo sọ fún, kódà àwọn lébírà tí kò mọ̀ ẹ́ rí ń bá mi dúpẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ ẹ́.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́sí, pé àwọn èèyàn kì í wá sí mítìn, pé àwọn tó bá tiẹ̀ wá, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí tí wọ́n á máa tẹ fóònù, àwọn ọmọ ọdún kìíní ò sì ń la ẹnu rárá, ìwọ lò ń ra omi, ìwọ lò ń gbá hóòlù, ìwọ náà lò ń kọ mínẹ́ẹ̀tì. O ní wọn ò nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Lójú tèmi, wọn ò tíì rí ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀ ni. Ẹni tí a ò bá fún níṣẹ́ kankan ṣe nínú ilé, àlejò ni, bó bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

Wo ọjọ́ tí a bá ń da dẹ́kìn, ìyẹn àjà kọnkéré orí ilé, ìwọ náà ti bá wa pọn omi rí ní Òkè-Fìà nígbà tí o wà ní JS 3. Kọnkéré ò mọ̀ pé ó ti rẹ èèyàn. Tí omi bá ti kan sìmẹ́ǹtì, kò ní pẹ́ tí á fi máa le, nítorí náà tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ a gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí tí a bá dá a dúró lágbedeméjì tí a wá padà dà á lọ́la, ojú ibi tí tàná àti tòní ti pàdé yẹn lomi á máa gbà jò lé onílé lórí. Ẹnì kan wà nídìí míksà, ẹnì kan ń ka àpò sìmẹ́ǹtì, àwọn kan tò sórí àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gba páànù tí a fi ń ru kọnkéré lọ́wọ́ ara wọn, ẹnì kan ń tẹ́ ẹ, ẹnì kan ń fi réńjì fà á kó lè dọ́gba, ayọ́nbẹ́ńdà náà ò ní lọlé torí òun ló máa fa irin tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ padà sókè. Ẹni tó ń ka àpò yẹn ò ru nǹkan kan o, ṣùgbọ́n tó bá ṣì í kà, àdàlù á rọ̀, ilé ló máa fara gbá a. Fóòmánù tó bá wá lọ já páànù gbà lọ́wọ́ lébírà torí pé ó ń falẹ̀, tó wá ń ru ú fúnra ẹ̀, ta ló fẹ́ máa bójú tó gbogbo ìyókù?

Lọ́dún tó kọjá ọmọkùnrin kan wá bá wa ṣiṣẹ́ láti Ẹdẹ, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, kì í sọ̀rọ̀, tí a bá ń jẹun lọ́sàn-án á gbé tiẹ̀ lọ sẹ́yìn àwọn blọ́ọ̀kù tí a tò jọ, ibẹ̀ láá ti jẹ ẹ́. Àwọn kan ní agbéraga ni. Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì, mo ní ìwọ lo máa ka sìmẹ́ǹtì lónìí, àpò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ míksà kí o fa ìlà kan sára pákó, tí ìlà ò bá tíì pé kí ẹnikẹ́ni má da omi, títí kan èmi gan-an. Kó tó di ọ̀sán, ọmọ yẹn ti ń pariwo sí àwọn tó tó bàbá ẹ̀ pé "Ẹ dúró o, ó ku àpò kan!", wọ́n sì ń dúró. Lọ́jọ́ yẹn àárín wa ló ti jẹun. Mi ò ṣe wáàsù kankan fún wọn pé ẹ fà á mọ́ra.

Bí ìlú wa yìí gan-an ṣe lókìkí náà nìyẹn. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, onítíátà yẹn, dá Mbari Mbayo, ibùdó eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo níbí, àwọn ọ̀dọ́ wá ń rọ́ lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò kàwé lọ títí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n níbì kankan. Jimoh Buraimoh, òun ló ń bójú tó iná orí ìtàgé fún wọn. Muraina Oyelami ń lùlù, ó sì ń bá wọn ṣeré. Twins Seven Seven, ijó ló gbé e débẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó máa wòran ọ̀gá. Nígbà tí Georgina Beier wá ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ àwòrán níbẹ̀ ní 1964, àwọn kan náà yìí ló gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń tan iná ló wá di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni tó wá jó ni UNESCO fi joyè ayàwòrán fún àlàáfíà ní 2005.

Tiwa tí a jẹ́ bíríkìlà náà ò gbẹ́yìn, òun ni mo sì fẹ́ràn láti máa sọ jù. Bíríkìlà ni Adebisi Akanji. Nígbà tí Àdùnní Olóríṣà, ìyẹn Susanne Wenger tó wá láti Austria, ń tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti agbẹ́gilére ìlú yìí ló kó mọ́ra. Kò yàwòrán lé wọn lọ́wọ́ pé bí mo ṣe fẹ́ kó rí gẹ́lẹ́ rèé, ó jẹ́ kí oníkálukú mú ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde. Tí o bá dúró síwájú iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Akanji tí o wá wo ère onígi Kasali Akangbe, o ò lè ṣì wọ́n mú fún ara wọn láéláé, síbẹ̀ igbó kan náà ni wọ́n jọ kọ́. Àdùnní kú ní 2009, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ò torí ẹ̀ kẹ̀yìn sí igbó yẹn, wọ́n ń tún àwọn ère yẹn ṣe, torí tiwọn ni.

Ó dáa, kí lo máa ṣe? Má pe ọgọ́rin èèyàn sí hóòlù kan kí o wá máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti iwájú. Pín wọn. Nígbà tí mo wà ní Scout ní kékeré, èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ ló máa ń wà nínú pátíróòlù kan, ọ̀kan nínú àwa ọmọ náà ni olórí, kì í ṣe àgbà. Baden-Powell tó dá a sílẹ̀ kó bí ogún ọmọkùnrin lọ sí Brownsea Island ní 1907, ọmọ olówó wà níbẹ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ó pa wọ́n pọ̀ ó sì pín wọn sí mẹ́rin. Nínú èèyàn méje, tí ẹnì kan ò bá wá gbogbo yín lẹ máa mọ̀, wọ́n á pè é. Nínú ọgọ́rin, ta ló máa mọ̀? Fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan níṣẹ́ tó jẹ́ pé tí wọn ò bá ṣe é, kò ní ṣe. Tí wọ́n bá gbàgbé omi, ẹ mu òùngbẹ lọ́jọ́ yẹn, má sáré lọ rà á.

Má kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ nìkan sípò, má sì kó àwa ará Òṣogbo nìkan síbẹ̀, Iléṣà wà níbẹ̀, Ìkìrun, Ìwó, Ilé-Ifẹ̀, Ẹdẹ, wọ́n ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Musulumi wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ ṣí mítìn pẹ̀lú àdúrà, ẹ gbà á yí ká. Owó ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ wọ àkáǹtì ẹ, jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní àlàyé. Tí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, má bá a wí lórí gúrúùpù WhatsApp níbi tí gbogbo ojú wà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n tó bá ṣe dáadáa, orí gúrúùpù yẹn gan-an ni kí o ti dárúkọ ẹ̀.

Ìwọ náà máa lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe àáró, lónìí gbogbo wọn á wà lóko tiẹ̀, lọ́la oko ẹlòmíì, ẹni tó bá sì ti gba tiẹ̀ tán tí kò yọjú sí ti ẹnìkejì, wọn ò ní pè é mọ́. Tí ọmọ tí o fi ṣe olórí eré ìdárayá bá ní kí ẹ wá kó bọ́ọ̀lù ní aago mẹ́rin, wà níbẹ̀ ní mẹ́rin, kó o, kí o má ṣe presídẹ́ǹtì fún un.

Mọ́mì ẹ ti di gààrí àti èlùbọ́, mo máa fi lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ ní gáréèjì lọ́jọ́ Ẹtì, tan fóònù ẹ sílẹ̀. Pè mí tí ẹ bá ṣe mítìn tán, kí o sọ iṣẹ́ tí o gbé fún àwọn ọmọ ọdún kìíní yẹn fún mi.

Èmi ni,
Dádì ẹ, Òṣogbo.