Àkànkẹ́, ẹnu wọn ni kí o kọ́kọ́ gbọ́

Ìbàdàn

Àkànkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú àjò o. Ọmọ ń kọ́? Òtútù Manchester ń kọ́? O ní kí n sọ èwo ló yẹ kí ẹ wò nínú àwọn fíìmù ìgbàanì Yorùbá tó wà lórí Netflix, nítorí àwọn ọmọ rẹ tó ń gbọ́ èdè ṣùgbọ́n tí wọn kì í fẹ́ sọ ọ́. Màá sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Owó ti dé sínú iṣẹ́ náà, ojú sì ń rí i: ẹṣin wà, ààfin wà, aṣọ wà. Ẹnu ni kò tíì bá wọn dọ́gba. Ẹnu yẹn ni èmi sì fi ń wọn fíìmù ìgbàanì, torí ààfin tí àwọn ará inú rẹ̀ kò bá lè sọ̀rọ̀ bí ará ààfin, ògiri lásán ni.

Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2022, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Sàrò ahunṣọ wọ Ọ̀yọ́ láti wá oúnjẹ òòjọ́. Ó kó sọ́wọ́ Awarun, ó tún kó sọ́wọ́ Arólákẹ́, olorì Aláàfin. Wọ́n lù ú pa, ẹyẹ àkàlà dé ibi òkú rẹ̀, àdó tó ń jí òkú sì bọ́ sọ́wọ́ Sàrò àti Arólákẹ́. Mo fi í ṣáájú nítorí pé àlọ́ ni, kò sì díbọ́n pé òun jẹ́ nǹkan mìíràn. Kò dárúkọ Aláàfin kan tí a mọ̀ nínú ìtàn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́ lórí ọdún tàbí ìran. Wo Sọlá Ṣóbọ̀wálé nínú ipò Awarun dáadáa. Bí ó bá ti wo Sàrò, o ti mọ̀ pé iye ló ń dá lé e, bí ẹni tó ń wo ọjà. Kò tíì sọ̀rọ̀ rárá.

Ìgbójàyè ní Òkè-Ògùn ni wọ́n kọ́ abúlé eré náà sí, èyí sì dára ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ọ̀dàn ni ibẹ̀, ọ̀dàn náà sì ni Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi ṣẹ́gun, kòkòrò inú igbó kìjikìji sì máa ń pa ẹṣin. Ẹni tó bá lọ ya Ọ̀yọ́ àtijọ́ láàárín igbó dúdú ti sọ ìtàn náà nù kí òṣèré tó dé. Ohun tó dùn mí nínú fíìmù yìí ni òfì. Aṣọ tí ọkùnrin ń hun lórí òfì kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A ó máa rán ojú rẹ̀ mọ́ra ni kó tó di agbádá. Ká ní kámẹ́rà jókòó ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Sàrò lórí òfì fún ìṣẹ́jú méjì, à bá ti mọ irú ẹni tó jẹ́, à bá sì mọ ohun tó gbé sọnù nígbà tó di ajíòkú. Ìran ìbálòpọ̀ wà nínú rẹ̀ o, nítorí náà kọ́kọ́ dá wò ó.

Eré alápá púpọ̀ tó tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta 2024, Rise of the Spectre, kò mú mi lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá Sàrò padà lẹ́nu bodè ọ̀run pé kó lọ kó ẹ̀mí àwọn tó jí dìde padà wá. Ìpìlẹ̀ náà le, ó tó gbé eré ró. Ṣùgbọ́n kókó kan ni àlọ́ máa ń ní. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pọ̀ alẹ́ pa àlọ́ kan gbọ́dọ̀ so kókó tuntun fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tú u kí ilẹ̀ tó mọ́. Níbí, ìjà oyè àti ọ̀tẹ̀ ìlú bo Sàrò mọ́lẹ̀ títí a fi ń wá a kiri nínú eré ara rẹ̀. Fi èyí wé Seven Doors, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2024. Apá mẹ́fà ni. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ni ọba, Chioma Chukwuka ni Amaka, olorì rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Igbo, ọ̀ràn àtẹ̀yìnwá sì sọ ọ́ di dandan kí ọba fẹ́ ìyàwó mẹ́fà sí i. Ṣé o rí i? Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, kókó tuntun ni. Ìdí nìyẹn tí eré náà fi lè gùn láì já. Ojú Amaka bí ilé ṣe ń kún mọ́ ọn lọ́wọ́ ni mo fẹ́ kí o wò. Àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó peregedé tí wọ́n fún un níbi ẹ̀bùn fíìmù Áfíríkà, AMVCA, ọdún 2025 tọ́ sí i.

Èyí tí mo fẹ́ bá ọ sọ púpọ̀ lé lórí ni House of Ga'a, tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí, tó jáde ní oṣù keje 2024. Ìwọ náà mọ òwe ibẹ̀: bí o láyà, o ṣèkà; bí o bá rántí ikú Gáà, o ṣòótọ́. Ìtàn Baṣọ̀run Gáà ní Ọ̀yọ́-Ilé, láti nǹkan bí 1754 sí 1774, jẹ́ ọ̀kan lára èyí tó wúwo jù tí a ní. Aláàfin mẹ́rin ló kú nígbà tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí Aláàfin Abíọ́dún tó gbẹ̀san. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ní ọjọ́ 130 péré ni Awónbíojú fi jọba, torí pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún Gáà. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì kò gba ọba mẹ́rin. Ọba kan kò tíì jókòó dáadáa tí òmíràn fi ń gorí ìtẹ́, a kò sì ráyè ṣọ̀fọ̀ ẹnìkan. Fẹ́mi Branch ṣe Gáà pẹ̀lú ara tó wúwo àti ojú tí kì í yára ṣẹ́, ó sì mú mi gbà pé ìlú lè bẹ̀rù ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Gáà nìkan la rí, a kò rí bí òfin ìlú ṣe fi agbára náà lé e lọ́wọ́.

Òfin náà wà, ó sì dára fún sinimá ju idà lọ. Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè tó ń yan ọba. Nígbà ọdún Ọ̀run, òun àti Aláàfin ni wọ́n jọ ń ṣe ètùtù láti mọ̀ bóyá ọ̀run ṣì fọwọ́ sí ọba. Bí ìlú bá kọ ọba, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀: ọ̀run kọ̀ ọ́, ayé kọ̀ ọ́, àwọn èèyàn kọ̀ ọ́. Kò sí ariwo, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ọba yóò ṣí igbá, yóò rí i pé òfìfo ni, yóò sì mọ̀ pé òru yẹn kò ní mọ́ bá òun. Ká ní èmi ni mo di kámẹ́rà mú, orí igbá yẹn ni ǹ bá gbé e lé, tí n kò ní gbé e kúrò. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Aláàfin fúnra rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni Aláàfin máa ń jáde sí gbangba, nígbà ọdún Mọ́lẹ̀, Ọ̀run àti Bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, Aláàfin ń jágbe mọ́ ìjòyè láràárọ̀ bí ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ìpamọ́ ọba ni ẹ̀rù rẹ̀. Bí a bá ti ń rí i lójoojúmọ́, àyà kì í já wa mọ́.

Mo dé orí ẹnu wàyí. Ọ̀pọ̀ ìwé eré ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá túmọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn lójú ibi tí wọ́n ti ń ya eré, tí òṣèré di bébà mú, tí oòrùn sì ń lọ. Ohun tó máa ń jáde nìyí: «Mo ní ìmọ̀lára fún ọ», níbi tí ẹni tó gbọ́ èdè á ti ní «Ọkàn mi ń fà sí ọ». «Mo wà níbí fún ọ», nígbà tí «Mo wà lẹ́yìn rẹ bí iké» ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. «Mú àkókò rẹ», dípò «Fara balẹ̀». Ọ̀nà tí o fi lè mọ̀ ọ́n rọrùn: yí gbólóhùn náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́kàn rẹ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀. Bí ó bá jókòó geere láì ṣẹ́ kù, Gẹ̀ẹ́sì ló bí i. Jẹ́ kí àwọn ọmọ fi èyí ṣeré, kí wọ́n máa dá fíìmù dúró, kí wọ́n sì tún un sọ. (Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ jà lórí àlàáfíà àti àdúrà pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Àwọn Mùsùlùmí ti wà ní Ọ̀yọ́-Ilé kó tó tú, nítorí náà n kò bá òṣèré wí lórí ìyẹn.)

Ìpalára kejì wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ìlànà Netflix ni pé ìlà kan kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 7 lójú ẹ̀rọ. Lẹ́tà 84 nìyẹn, pẹ̀lú àlàfo. Nínú èémí kan ṣoṣo, onírárà ti dárúkọ ọba, ó ti dárúkọ baba rẹ̀ àti ìlú ìyá rẹ̀, ó sì ti ka ogun tó jà. Ibo ni ìyẹn yóò gbà wọ inú lẹ́tà 84? Kábíyèsí, Ikú Bàbá Yèyé, Aláṣẹ Èkejì Òrìṣà, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa ń dà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Ọfọ̀ ló jìyà jù. Ìró ni ọfọ̀ fi ń ṣiṣẹ́: ọ̀dúndún á ní kí ó dùn, nítorí pé dùn wà lára orúkọ rẹ̀. Túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, o kàn ní ewé kan àti ìfẹ́ ọkàn kan tí kò bá ara wọn tan. Ìdí nìyẹn tí Jagun Jagun (2023) fi máa ń dà bí ìjà lásán lójú ẹni tó ń kàwé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń fetí sí i mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń pa ọ̀rọ̀ láàárín Ògúndìjì àti Gbọ́tìjà.

Nítorí náà, ṣe é báyìí. Tẹ àmì tó dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lójú ẹ̀rọ, yan ohùn Yorùbá, kí o sì pa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí oríkì tàbí ọfọ̀ bá kọjá, bọ́tìnì tó ń dá a padà ní ìṣẹ́jú àáyá 10 wà níbẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lórí fóònù, o lè dín ìyára kù sí 0.75, oríkì á sì ṣe kedere sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o dá ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ padà fún ibi tó bá ṣókùnkùn sí wọn. Lo gbohùngbohùn etí bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí ìlù. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá da orin olókùn àti dùùrù bò ó, ìró ìsàlẹ̀ á sọnù, gbólóhùn á sì di ariwo. Àṣìṣe yìí pọ̀ nínú fíìmù tuntun. Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání, láti 1999, kò ṣe é rárá, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò tó ohun tí à ń rí lónìí. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì hàn nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kúnlé Afọláyan yìí kan náà ló ṣe Arẹ̀sẹ̀jábàtà nínú rẹ̀.

Nínú àwọn tuntun, Ẹlẹ́ṣin Ọba (2022) ló ní ẹnu tó dán jù. Gẹ̀ẹ́sì ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré orí ìtàgé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, Gẹ̀ẹ́sì tó fi egungun Yorùbá ṣe òpó, Bíyì Bándélé sì dá a padà sílé. Bándélé kú ní oṣù kẹjọ 2022, oṣù kan kí wọ́n tó fi fíìmù náà hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Toronto. Ó máa ń dùn mí pé kò rí ọjọ́ yẹn. Ìran ọjà, láàárín Ọdúnladé Adékọ́lá àti Brymo tó ṣe Olóhùn-iyọ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ nìkan ló gbẹ. Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ eré náà sí Yorùbá nínú ìwé, Ikú Olókùn-Ẹṣin. Bí o bá rí i rà, kà á pẹ̀lú wọn.

Fún èyí tó dàgbà nínú àwọn ọmọ, Lísàbí, ìtàn akọni Ẹ̀gbá tó dojú kọ Ọ̀yọ́, wà ní apá méjì, oṣù kẹsàn-án 2024 àti oṣù kìíní 2025. Ìwà ipá inú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ìwọ ni kí o kọ́kọ́ wò ó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ṣàlàyé àáró fún un: lónìí gbogbo wa lóko tìrẹ, lọ́la gbogbo wa lóko tèmi. Inú ẹgbẹ́ oko yẹn ni Lísàbí ti kó àwọn ọmọ ogun jọ, tí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, kò sì fura, torí ta ni yóò bẹ̀rù èèyàn tó gbé ọkọ́ lọ́wọ́? Sọ fún un pẹ̀lú pé apá kan orí ni wọ́n máa ń fá fún ìlàrí, àti pé àṣẹ ni orúkọ wọn, irú bíi Mádàríkàn. Ìyà Ẹ̀gbá gba àkókò púpọ̀ nínú fíìmù náà, oko àáró kò gbà tó. Èmi ì bá sì fẹ́ gbọ́ ìró Ẹ̀gbá lẹ́nu wọn.

Bí ẹ bá ti wo ti Ẹlẹ́ṣin tán, kọ gbólóhùn tí àwọn ọmọ bá dì mú ránṣẹ́ sí mi, bí wọ́n ṣe pè é gan-an, àṣìṣe rẹ̀ pẹ̀lú. Bá mi kí bàbá wọn.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ