Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ tò ó kó tó kọ ọ́ sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi fi èyí tó àwọn olùkọ́ ìṣirò ẹlẹgbẹ́ mi létí, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù.

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀ factorisation, ìyẹn kíkọ irú x² + 5x + 6 bí àkámọ́ méjì tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, kò tẹ́ mi lọ́rùn. A ó kọ x² + 5x + 6 sójú pátákó, a ó ní kí ọmọ wá nọ́ńbà méjì tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 6, tí àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 5. Á rí 2 àti 3, á gba máàkì, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Páálí àlòkù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé ńlá, sẹ̀ǹtímítà 7 sí 7: x² nìyẹn. Gbọọrọ, 7 sí 2, ni x. Kékeré, 2 sí 2, ni 1. Ẹ má fi 6 tàbí 8 ṣe gígùn x, torí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin á bá a dọ́gba gẹ́lẹ́, ọmọ á sì gbà pé nọ́ńbà kan pàtó ni x. Ẹ fún wọn ní ńlá kan, gbọọrọ márùn-ún, kékeré mẹ́fà, kí wọ́n tò wọ́n di onígun mẹ́rin kan tí kò ní àlàfo. Ẹni tó bá to gbọọrọ mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan sí ìkejì, kékeré méjì á ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ẹ má tètè dá sí i. Nígbà tó bá to mẹ́ta àti méjì, gbogbo rẹ̀ á wọlé, á sì fojú ara rẹ̀ rí (x + 3)(x + 2).

Lẹ́yìn èyí ni kí 2x² + 7x + 3 tó dé. 2 lọ́nà 3 jẹ́ 6; 6 àti 1 ni ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 6, tí àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 7, nítorí náà 7x á pín sí 6x àti x: 2x(x + 3) + 1(x + 3), ìyẹn (x + 3)(2x + 1). 1 yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́. Nínú x² − 5x + 6, tí −5x pín sí −2x àti −3x, −3(x + 2) ni ọ̀pọ̀ á kọ tẹ̀ lé x(x − 2) dípò −3(x − 2), torí pé wọn kò fi −3 pín +6.

Kí wọ́n tú àkámọ́ padà lábẹ́ gbogbo ìdáhùn. Ẹni tí kò bá ṣe é, ẹ má fún un ní máàkì kíkún, bó tilẹ̀ gbà á.

Olùkọ́ ìṣirò kan,
Ìjẹ̀bú-Òde