Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ tún tọwọ́ bọ̀wé ṣọ́jà

Akin,

Mo gbọ́ voice note ẹ, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, àfi bí ẹni tí wọ́n ní kó mú ìyàwó kan nínú mẹ́ta. O ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó o fún career counselor, ẹni tó ń bá ṣọ́jà ṣètò àdéhùn tuntun, lésì, bóyá kó o dúró sí Fort Drum ní New York níbi tó o wà, kó o lọ Fort Hood ní Texas, àbí kó o forí lé Korea. Mi ò lè bá ẹ mú un, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mú tèmi.

Ṣó o rántí pé MAVNI lèmi bá wọlé, ètò tí iṣẹ́ ṣọ́jà Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2008 fáwa tí ò ní green card, àmọ́ tá a gbọ́ èdè tí wọ́n ń wá nígbà náà. Yorùbá wà lára ẹ̀, Haúsá àti Ígbò náà wà níbẹ̀. Èdè tí tíṣà ń tìtorí ẹ̀ nà wá ní kíláàsì ló sọ mí di ọmọ Amẹ́ríkà o, ayé mà le jàre. Nígbà tí àdéhùn àkọ́kọ́ wá parí, wọ́n ní mo lè dúró síbi tí mo wà, mo lè lọ kọ́ṣẹ́ míì, mo lè mú ibùdó míì, tàbí kí n lọ òkè òkun. Alaska, Amẹ́ríkà náà ni, àmọ́ òkè òkun làwọn ṣọ́jà kà á sí, wọ́n sì máa ń fi owó kún owó oṣù torí nǹkan wọ́n níbẹ̀. Owó yẹn lojú mi rí. Ìyàwó mi ní òtútù ibẹ̀ ńkọ́, mo ní ṣebí a máa ra kóòtù.

Bá a ṣe dé Fort Wainwright ní Fairbanks, mo rí wáyà iná tó ń yọ níwájú gbogbo mọ́tò bí ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko lọ, mo rò pé mọ́tò oníná ni gbogbo wọn. Àṣé wọ́n máa ń kì í bọ iná mọ́jú ni kí ẹ́ńjìnnì má baà gan. Ní December, oòrùn ò ní yọ títí aago mọ́kànlá á fi kù díẹ̀, tó bá fi máa di mẹ́ta ọ̀sán oòrùn ti wọ̀. Èmi lè fara dà á, mo ní sájẹ́ǹtì tó ń pariwo mọ́ mi. Ìyàwó mi ńkọ́, tòun ti oyún oṣù márùn-ún?

Àwa ṣọ́jà lọ fíìlì, ìyẹn ìdánrawò nínú igbó, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ kan ìyàwó mi gbàgbé wáyà yẹn, òtútù sì wọ -40, ibi tí Fahrenheit àti Celsius ti ń bára wọn dọ́gba. Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò ò sitáàtì, ó ní kílíníìkì, ó pè mí pè mí, fóònù ò sí lọ́wọ́ mi, ìyá òyìnbó kan nísàlẹ̀ ló padà gbé e lọ. Nígbà tí mo délé kò bá mi jà. Ó ká wáyà yẹn sínú abọ́, ó gbé e síwájú mi bí oúnjẹ alẹ́.

Wá wo tìẹ. Drum o ti mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú gbogbo yìnyín tí Lake Ontario ń dà lé yín lórí. Korea, o lè dá lọ, àmọ́ tó o bá fẹ́ kó ìyá Tómi dání o máa pẹ́ níbẹ̀ ju bó o ṣe máa dá lọ, àwọn ọ̀gá ṣọ́jà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ìdílé ẹ bá ẹ lọ, má kàn rò pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Hood gbóná bí ààrò, ṣùgbọ́n bíi wákàtí mẹ́ta ni Houston, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ wà níbẹ̀, iṣu wà, ẹni tó máa gba ọmọ mú wà. Má sì rò pé o bọ́ lọ́wọ́ Korea tó o bá mú Hood o, ní 2015 brigade kan, ìyẹn ẹgbẹ́ ṣọ́jà ńlá kan, láti Hood lọ lo oṣù mẹ́sàn-án ní Korea. Oṣù méjìlá tí wọ́n máa ń kọ sínú àdéhùn pé wọn ò ní ṣí ẹ nípò, kò ní kí ẹ má lọ deployment, ìyẹn kí wọ́n rán ẹgbẹ́ yín lọ síbòmíì fúngbà díẹ̀. Ohun tí ò bá sí nínú ìwé, má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ẹ̀rín ẹ̀ dùn tó.

Jẹ́ kí ìyá Tómi kọ́kọ́ sọ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó ẹ pè wá, ẹ fi í sórí speaker, torí ìyàwó mi náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Georgia la wà báyìí, ooru ń pa wá, wáyà yẹn ṣì wà nínú gáréèjì, kò gbà kí n sọ ọ́ nù.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ẹ.